Kọ́kọ́rọ́ Ọládòṣù, Ọwọ́ Bùràímọ̀

Irọ́ ló ń pa. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní irọ́ ló ń pa. Ẹni tó ń sọ kiri inú gáràjì pé Bùràímọ̀ jalè ní Bouaké, pé wọ́n gé ọwọ́ ẹ̀, níbo lòun wà nígbà ogun? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ̀ ló wà. Èmi tí ẹsẹ̀ mi ti tẹ Niamey, tó tẹ Kumasi, tó tẹ Ouagadougou, tí mo wà ní Bouaké gan-an nígbà ogun yẹn, mi ò mọ̀wé, ilé ìwé ò rí mi tọ́jọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń jẹ́ olè.

Télọ̀ ni Bùràímọ̀, ní Belleville, àdúgbò kan ní Bouaké, nílẹ̀ Ivory Coast. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Bouaké ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi í jókòó sí nínú kóòtù, wọ́n fi okùn de ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Adájọ́ ti sá lọ sí Abidjan látìgbà tí ìbọn ti kọ́kọ́ dún. Aboubacar, ọ̀gá àwọn ọlọ́tẹ̀ àdúgbò yẹn tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀fù, ló jókòó sórí àga adájọ́, ó fi bàtà sójà lé orí ìwé òfin. Àdá wà níwájú ẹ̀. Wọ́n ti pọ́n ọn.

Ta ló fà á wá síbẹ̀? Ọládòṣù ni, oníṣòwò aṣọ. Agbádá funfun ló wọ̀, èyí tí wọ́n fi kùmọ̀ lù títí tó fi ń dán bí orí ìkòkò tuntun.

"Ṣẹ́ẹ̀fù," ni Ọládòṣù wí, "mùsùlùmí lèmi, mùsùlùmí lòun náà. Ẹ jẹ́ ká fi òfin Ọlọ́run ṣe é. Ọwọ́ tó bá jalè, gígé ni. Ó kó aṣọ funfun inú ṣọ́ọ̀bù mi, kò ku ọ̀pá kan."

Àtàǹpàkò ẹ̀ ni Bùràímọ̀ ń wò, ibi tí sáàsì ìgéṣọ ti jẹ ẹ́ títí tó fi yi bí pátákó. Bí wọ́n bá gé e, kí ló fẹ́ fi òsì gé láyé? Láti ojú fèrèsé ló ti ń wo ọkọ̀ àwọn sójà tó ń kọjá, fíríìjì onífíríìjì àti ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ló kún inú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe àwọn yẹn lólè.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ogun dé, tí Ọládòṣù fẹ́ kó ìyàwó ẹ̀ lọ sílé ní Nàìjíríà, ó dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní kí gbogbo jàmáà wo òun. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí àtẹ́lẹwọ́ Bùràímọ̀. "Ọkùnrin yìí ni mo fọkàn tán." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ebi dé, ibà dé, ìbọn ò sì yéé dún. Ojoojúmọ́ là ń sìnkú. Ọjà tì, ẹ ò lè rí aṣọ funfun rà ní gbogbo Belleville. Bùràímọ̀ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò fọwọ́ kan àǹkárá, kò fọwọ́ kan léèsì. Funfun nìkan ló ń mú, ó ń fi sáàsì ẹ̀ gé e ní lìkáfánì fún òkú. Kò gba kọ́bọ̀. Oṣù kẹwàá tó ti lọ ni Ọládòṣù padà dé. Kò kí ẹnì kankan tó fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe rí i pé aṣọ funfun ti tán, ọ̀dọ̀ Aboubacar ló gbà lọ.

Ká padà sí kóòtù: Aboubacar ò kọ̀ láti gé ọwọ́, ó fẹ́ kí ìlú bẹ̀rù òun. Ṣùgbọ́n ó ní kí àáfà àwọn Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n bá fi ọ̀kadà gbé Àáfà Nourou láti àdúgbò Nimbo, bàbá arúgbó, ó ń wúkọ́.

"Ẹ kú ìjókòó, ṣẹ́ẹ̀fù."

"Àáfà, ṣé ká gé e?"

"Ẹ jẹ́ n bi ẹni tó ni aṣọ. Ọládòṣù, ilẹ̀kùn ẹ, ṣé wọ́n já a ni?"

"Wọn ò já a. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i."

"Níbo ló ti rí kọ́kọ́rọ́?"

Ọládòṣù gbé agbádá ẹ̀ léjìká, àyà ẹ̀ wú. "Èmi ni mo fún un, Àáfà. Lójú gbogbo jàmáà. Nínú gbogbo yín, ta ló lè fọkàn tán èèyàn tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó tán," ni Àáfà wí. "Ẹni tó yọ́ wọbi tí wọ́n tì mọ́ ọn ni òfin ní ká gé lọ́wọ́. Èyí tó o fún ní kọ́kọ́rọ́, àmánà, ohun ìfọkàntán, lo gbé lé e lọ́wọ́. Bó bá da àmánà, ẹ̀ṣẹ̀ ni, a lè bá a wí, a lè ní kó san án. Ọwọ́ ẹ̀ ò ṣeé gé. Lọ́dún ìyàn, Seyidina Umaru, olórí àwọn mùsùlùmí ayé àtijọ́, pàápàá dá ọwọ́ gígé dúró."

Aboubacar kọjú sí Ọládòṣù, ó rẹ́rìn-ín. "Anago, ẹnu ẹ ló gba ọwọ́ ẹ̀ là." Ó mú àdá, ó fi gé okùn.

"Kó san án nígbà yẹn," ni Ọládòṣù ń jágbe. "Kó kó aṣọ mi jáde."

Bùràímọ̀ dìde, ó ń fọwọ́ kan nu èkejì. "Ẹ jẹ́ ká lọ kó o, ẹ̀gbọ́n."

"Níbo?"

"Ní itẹ́ òkú. Sàfúrátù, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó ní òun ò sá fógun, sàréè tiwọn la máa kọ́kọ́ gbẹ́. Aṣọ márùn-ún ni ti obìnrin, mi ò dín in. Ẹ̀yin lẹ máa tú u lára wọn, àbí èmi?"

Ọládòṣù ti gbọ́ ikú náà lórí fóònù. Ó pa àgbò nílé, ó ṣe sàárà, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n mu. Kò bèèrè ohun tí wọ́n fi wé e rí.

Àáfà ní, "Gbogbo wa ni gbèsè lìkáfánì wà lọ́rùn ẹ̀, Ọládòṣù. Ọkùnrin yìí ló bá wa rù ú."

Ọládòṣù ká agbádá ẹ̀, ó jáde. Kò bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò bẹ̀bẹ̀.

Ọdún bí mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ìjà ìdìbò dé, àwọn èèyàn tún ń di ẹrù. Ọládòṣù yìí kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà télọ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bùràímọ̀ kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ wá ẹni tí wọ́n ti gé lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ gbé e fún un."

Ọládòṣù ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn oníbọn fi ìdí ìbọn já ilẹ̀kùn, wọ́n kó o dé orí ìṣó ara ògiri. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pọ́n àdá.

Ẹ lọ sọ ìyẹn fún òpùrọ́ yín. Ìwọ tó jókòó síbí, tó gbọ́ gbogbo ẹ̀, dìde, lọ ra àtíékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn yẹn, àti ẹja díndín fún mi, kí ata pọ̀ níbẹ̀. Ìsinsìnyí ni mo ní. Má sọ pé ọ̀la.