Ọkùnrin Tó Ń Ká Àjàrà Ìkẹyìn

Ọjọ́ tí Olúfọlákẹ́ kọ́kọ́ rí Akínlọ́lá, inú ló bí i. Sátidé kan ni, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1994, ní oko àjàrà kan lẹ́yìn Fort Washington, ní Amẹ́ríkà. Ṣadé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú un lọ. Wọ́n ti kórè oko náà láti oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n àjàrà a tún máa so lẹ́ẹ̀kejì lára àwọn ẹ̀ka kéékèèké. Èso yìí kì í tóbi, kì í sì í tètè pọ́n. Olóko máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi pọn wáìnì nílé.

Garawa Fọlákẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì nígbà tí ọkùnrin gíga kan dúró tì í, tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, tó sì ń ṣa àjàrà dànù.

"Ta ló rán yín sí garawa mi?" Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Yorùbá náà ni ọkùnrin náà fi dáhùn. "Ẹ má bínú, mà. Èyí tó ṣì ń kan máa ba ìyókù jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ẹ tó já a."

Fọlákẹ́ tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì kákò. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó já èyí tó ti dúdú dáadáa fún un, ìyẹn sì dùn. Wọ́n jọ ń ká ìlà kan náà títí di ọ̀sán. Olùkọ́ ìṣirò ni Akínlọ́lá ní Temple Hills, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́fà. Fọlákẹ́ náà sọ tirẹ̀: ọkọ rẹ̀ lé e jáde ní Ìbàdàn torí pé kò bímọ, Babáwálé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì mú un wá sí Amẹ́ríkà.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára díẹ̀díẹ̀. Nígbà òtútù, wọ́n jọ sẹ́ wáìnì náà sínú ìgò nílé Akínlọ́lá. Ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ kí Akínlọ́lá má fóònù pe "adúmáadán mi". Nígbà tí ìgbà ooru ń parí lọ, ó ní òun fẹ́ wá rí ẹ̀gbọ́n Fọlákẹ́.

Díákónì ni Babáwálé ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Seat Pleasant. Ó fárígá. Ó ní àbúrò òun kò ní fẹ́ apọntí tó ń ṣa ohun tí òyìnbó kórè ṣẹ́kù. Fọlákẹ́ fèsì pé òun ti pé ogójì ọdún, òun mọ ẹni tí òun fẹ́. Babáwálé dákẹ́, Fọlákẹ́ sì rò pé ó ti gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Akínlọ́lá kò pè mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí Fọlákẹ́ bá pè é, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Ó sunkún, ó ní ọkùnrin náà ti ro ti àìbímọ òun ló ṣe sá.

Bridget, ìyàwó Babáwálé, ni kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Àǹtí mi, ọkọ mi ló lọ bá a nílé," ó wí. "Ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun, pé ẹ ń padà sọ́dọ̀ ọkọ yín ní Ìbàdàn, kó má pè yín mọ́."

Fọlákẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde. Ọkùnrin tó kó ẹrù òun síta lójú àdúgbò ni wọ́n tún fi òun fún, wọ́n sì ní òun fúnra òun ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wakọ̀ lọ, ó rí i pé Akínlọ́lá gan-an ló ń bí òun nínú jù. Ẹ̀gbọ́n òun purọ́ lóòótọ́, àmọ́ olólùfẹ́ òun ló gbà á gbọ́.

Sátidé ni, oṣù Kẹwàá sì ti tún dé, nítorí náà ó mọ ibi tí òun á ti rí i. Ó bá a láàárín ìlà àjàrà, ó ti rù.

"Ọdún kan gbáko la fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, Akínlọ́lá," ó wí. "Ẹnìkan wá kan ilẹ̀kùn rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o gba tiẹ̀ gbọ́. O ò tiẹ̀ lè bi mí."

Akínlọ́lá gbé garawa sílẹ̀. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, pé ta ni òun tí òun á fi ní kí obìnrin má padà sílé ọkọ rẹ̀.

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀. O ṣojo ni."

"Mo ṣojo," Akínlọ́lá dáhùn. "Dárí jì mí, olólùfẹ́ mi. Mi ò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn mọ́."

Fọlákẹ́ gbé garawa náà. Ó bá a ká ìlà náà tán, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí garawa kún, ó ní kó wọ ọkọ̀. Ilé Babáwálé ní Seat Pleasant ni wọ́n gbà lọ, omi àjàrà ti rẹ ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ kí Babáwálé, ó sì dìde.

"Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ mú mi wá síbí, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ mi purọ́. Mi ò wá tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo wá sọ fún yín."

Akínlọ́lá gan-an kò tíì gbọ́ nípa ọjọ́ kankan, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Babáwálé ní òun fẹ́ dáàbò bo àbúrò òun ni. Bridget ló sìn wọ́n dé ibi ọkọ̀.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù Upper Marlboro. Bridget dúró ti ìyàwó. Ètò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Babáwálé tó wọlé, tó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó pàdé Fọlákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.

"Mo purọ́ mọ́ ọ, àbúrò mi. Mo purọ́ fún ọkọ rẹ náà. Kò yẹ kí n ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́."

Fọlákẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì ní ó ti tó. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán pátápátá, kó tó na ọwọ́ sí i.