Ọsàn Lórí Odò Ẹ̀lú

Ọsàn mẹ́ta ni Màrdíyyàh jù sínú Odò Ẹ̀lú lọ́jọ́ náà, méjì péré ló rí padà. Nígbà tó sáré tẹ̀lé omi dé ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀, ó bá ọkùnrin gíga kan nínú omi, ṣòkòtò rẹ̀ ká dé orúnkún, ọparun ní èjìká rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀kẹta.

"Ẹ̀gbọ́n, ọsàn iṣẹ́ lẹ jẹ yẹn o!"

Ọkùnrin náà wo awẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọsàn ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Òun ni mo fi ń wọn bí omi ṣe ń yára tó. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ní Pólì ni. Ìṣẹ́jú mélòó ló fi dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn."

Ẹ̀rín pa Màrdíyyàh, ó sì gbàgbé pé inú ń bí òun.

Mùíz lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé. Odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ká, ọrùn tóóró kan ló kù tó so ó mọ́ ilẹ̀ Ẹ̀rìn-Ilé, ibẹ̀ ló sì ń ri ọparun mọ́ kí omi má baà já a. Sàréè ìyá rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ náà. Oko tó wà ní òdìkejì, ti Alhaji Ìbráhìm ará Ọ̀fà ni, bàbá tó bí Màrdíyyàh. Odò yìí gan-an ni àwọn bàbá ńlá wọn fi ṣe ààlà.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Màrdíyyàh ń mú ọsàn wá, ọ̀kan fún odò, ọ̀kan fún Mùíz. Ó sọ fún un pé níbi tí àpáta bá ti há odò mọ́, tààrà ló ń lọ. Níbi tí iyanrìn bá pọ̀ ju agbára omi lọ, á ya sí ẹ̀ka-ẹ̀ka bí irun tí wọn ò tíì dì pọ̀. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, á máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, á máa jẹ bèbè lápá kan, á máa kó iyanrìn jọ sí èkejì.

"Ó ń jẹ níbì kan, ó ń san án níbòmíràn," ni Mùíz wí. "Odò yìí mọ ìwà hù ju àwọn kan lọ."

Ìfẹ́ wọn jinlẹ̀. Àwọn ẹbí Mùíz wá láti Ẹ̀rìn-Ilé fojú han Alhaji lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, Alhaji sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, òjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta já ọrùn ilẹ̀ náà. Odò gba ọ̀nà àbùjá, ó fi ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ bí adágún tó tẹ̀ bí dòjé, ilẹ̀ Mùíz àti sàréè ìyá rẹ̀ sì bọ́ sí apá Ọ̀fà.

"Odò ni ààlà," ni Alhaji wí. "Ọlọ́run ló fún wa."

Àwọn àgbà ìhà méjèèjì pàdé létí odò. Ẹnìkan rántí pé ọmọ Alhaji ló wọn odò náà, wọ́n bá pè é. Mùíz kò wo ojú rẹ̀, kí ó má baà dà bíi pé òun ń bẹ̀ ẹ́. Màrdíyyàh mọ̀ pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

"Odò ló ṣí kúrò," ni ó wí, ó nawọ́ sí adágún. "Ibẹ̀ yẹn ni ààlà. Ilẹ̀ wọn ni."

Àwọn àgbà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Alhaji dìde. "Ẹni a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Kì í ṣe ojú mi ni wọ́n ó ti so yìgì yín."

Màrdíyyàh sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó ní kí òun àti Mùíz lọ wá àlùfáà tí yóò so yìgì wọn ní Ìlọrin.

"Rárá, Màrdí mi," ni Mùíz wí, omi wà lójú òun náà. "Ẹnu ọ̀nà ni mo gbà wọ ilé yín. N kò ní gba ẹ̀yìnkùlé mú ọ jáde."

Odò tó bá gba àbùjá, eré rẹ̀ á le sí i. Láàárín ọdún méjì, Ẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bèbè Alhaji nísàlẹ̀. Àìsàn ọkàn sì ń jẹ Alhaji fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Màrdíyyàh dì í lápá mú lọ wo oko, wọ́n bá Mùíz nínú omi tó ń ri ọparun mọ́ bèbè náà. Ìlà tó ti rì ti gùn, àwọn ti èṣí ti hu ewé.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá. Omi ń jẹ ilẹ̀ yín ni."

Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, Alhaji sọ fún Màrdíyyàh pé, "Sọ fún un kí àwọn èèyàn rẹ̀ padà wá. Sátidé tó ń bọ̀ kò jìnnà."

Lọ́jọ́ Túsìdeé, Alhaji kú. Mùíz wà lára àwọn tó gbé e wọ sàréè.

Àbúrò Alhaji ló dúró ní ipò rẹ̀ níbi yìgì wọn ní Sátidé, nítorí olóògbé ti ní kí wọ́n má sún ọjọ́ náà. Wọn kò se ìkòkò ńlá, ẹnikẹ́ni kò kọrin. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọparun. Màrdíyyàh mú ọsàn jáde, ó fẹ́ jù ú sómi, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e.

"Daddy ní kì í ṣe ojú àwọn ni wọ́n ó ti so yìgì wa," ni ó wí, ẹkún sì bò ó mọ́lẹ̀.

Mùíz gba ọsàn náà, ó bó o, ó pín in sí méjì. "Àwọn náà ló ní kí n wá," ni ó wí, ó sì fi ìdajì lé e lọ́wọ́.