Ẹ̀yìn Tí Kò Tẹ̀

Ọ̀kadà ló gbé Morìnsọ́lá kọjá létí oko Ilésanmí ní Ààyè, ẹ̀rọ ìránṣọ lórí itan rẹ̀, ó ń bá ọlọ́kadà jà nítorí gbogbo kòtò tó ń kó sí. Ilésanmí nà dìde láàárín ebè, ó gbàgbé ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

"Àroko bọ́dún dé o!" ni ọmọbìnrin náà kígbe. "Ṣé iṣu lẹ̀ ń gbìn ni, àbí èèyàn lẹ̀ ń wò?"

Èèyàn ló ń wò lóòótọ́. Kí iṣu ọdún náà tó ta, wọ́n ti di olólùfẹ́.

Ọjọ́ tí Ilésanmí lọ kí Bàbá Fádípẹ̀, bàbá Morìnsọ́lá, ní Ìlúpéjú lọ̀rọ̀ bàjẹ́. Bàbá yọjú, Ilésanmí fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn kọ̀ jálẹ̀. Ó di òpó mú, orí nìkan ló lè tẹ̀.

"Ulé mi kéré lójú rẹ ni?" ni bàbá bi í lójú gbogbo ará ilé.

Lọ́kàn Ilésanmí, jẹ̀díjẹ̀dí ló mú òun, wọ́n sì máa ń ní ọkùnrin tí jẹ̀díjẹ̀dí bá dé ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè ṣe ọkọ. Irọ́ ni o, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í bèèrè òótọ́. Ó padà sílé, kò gbé fóònù Morìnsọ́lá mọ́.

Ọmọbìnrin náà wá a lọ, ó bá ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí mẹ́fà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Olówó orí mi, ṣé torí jẹ̀díjẹ̀dí lo ṣe ń sá fún mi?"

"Má wò mí," ni Ilésanmí wí. Ó ń sunkún.

Morìnsọ́lá fà á lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Àwòrán tí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn pé jẹ̀díjẹ̀dí kọ́: tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn ló yẹ̀, tó ń tẹ iṣan ẹsẹ̀. Dókítà dá ihò kan tí kò tó èékánná síbẹ̀, ó ki ọ̀pá tínínrín tó ní kámẹ́rà lẹ́nu bọ̀ ọ́, ó gé ohun tó yọ kúrò. Lọ́jọ́ kejì, Ilésanmí rìn.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀ ba fún oṣù mẹ́ta," ni dókítà kìlọ̀.

Ilésanmí lọ dúró níwájú Bàbá Fádípẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti àgbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàbá wo ojú ọgbẹ́ náà títí. Ìtìjú wá kàn án.

"Mo ti bú ọ káàkiri ìlú," ó ní.

"Ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta pé, Bàbá, màá dọ̀bálẹ̀."

"N kò dúró. Ẹ mú ọjọ́ ìdána wá."

Lọ́jọ́ ìdána, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ilésanmí nìkan ló wà lóòró, ojú ń tì í, àwọn àlejò ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàbá Fádípẹ̀ dìde lórí àga, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó lọ dúró ti àna rẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bá mi bínú," ó ní. "Èmi ni mo ní kó dúró."