Ilé Tó Dákẹ́ Lọ́sàn-án

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Ognyan wí. Ó na ìka kan sókè láàárín pálọ̀ tó ṣófo náà, ó tẹ́tí sílẹ̀. Rumyana ìyàwó rẹ̀ dákẹ́. Momchil, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà, náà dákẹ́, ohun tí kì í ṣe àṣà rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni Rumyana dáhùn.

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Àárín ìlú Tẹsalóníkà rèé, etí òkun rèé, síbẹ̀ èèyàn ń gbọ́ mímí ara rẹ̀."

Kalina, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yíjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni. Lásìkò ẹ̀rùn ní ìlú yẹn, bí aago mẹ́ta bá ti lù, òfin ni pé kí gbogbo ayé dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn tó ń sùn lè rí oorun sùn. Ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ ògiri nígbà náà, aládùúgbò lè pe ọlọ́pàá fún un. Ajá pàápàá ń ronú kó tó gbó. Kalina mọ gbogbo èyí dáadáa. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú aago mẹ́ta ààbọ̀ fún wọn.

Plovdiv, ní ilẹ̀ Bọ̀gáríà, ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilẹ̀ Gíríìsì. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ agbénigòkè ṣe ni Ognyan ń ṣe, iṣẹ́ tuntun yìí ló sì gbé e wá. Kí wọ́n tó di ẹrù ló ti ń sọ ọ́ léraléra pé òun ò wá ilé tó rẹwà, àdúgbò ọlọ́mọ lòun ń wá: kí ilé ìwé wà nítòsí, kí àwọn àgbàlagbà máa jókòó síta, kí wọ́n máa bá èèyàn fojú sọ́mọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Kalina nìkan ló gbọ́ èdè Gíríìkì nínú wọn. Ilé ìwé ló ti kọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ni ẹnu ìdílé.

Ilé méjì ló kù tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀kan wà lórí òkè, ó kọjú sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkejì lèyí tó wà létí òkun yìí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi pákó onítáyà sáré kiri, níbi tí Danai, ọ̀rẹ́ tí Kalina bá pàdé lórí fóònù, ń gbé. Ọkàn Kalina ti kó wọ ilé etí òkun náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó débẹ̀.

Ìyá Evanthia, onílé, gbé èso tí wọ́n fi ṣúgà sè wá nínú àwo kékeré, ó fún olúkúlùkù ní ṣíbí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Kalina.

"Ọmọ mi, bá mi sọ fún bàbá ẹ o. Ilé orin ló wà nísàlẹ̀ yìí. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, ó di ìdájí. Ìdí tówó ilé mi fi rọjú nìyẹn. Ilé yìí ò dáa fọ́mọ kékeré. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wá máa bú mi tó bá yá."

"Kí ni màmá ń wí?" ni Ognyan bèèrè, ṣíbí lẹ́nu.

Ojú Kalina lọ sí òkun tó ń dán lẹ́yìn fèrèsé. "Wọ́n ní àwọn ará ìsàlẹ̀ fẹ́ràn orin," ló dáhùn. "Wọ́n ní wọ́n lọ́yàyà gan-an."

Rumyana wo onílé, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn ló já síyẹn?"

"Bí èdè wọn ṣe gùn nìyẹn, Màmá."

Ilé orí òkè, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Kalina mú un sí, nítorí ó ti gbọ́ pé ọjọ́ yẹn ni ọjà ọ̀sẹ̀ máa ń ná ní òpópónà náà. Ognyan kò rí ilẹ̀kùn ilé fún ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àpótí tòmátò. Ẹnì kan ń kígbe ẹja sí i ní etí ọ̀tún, ẹlòmíràn ń kígbe ólífì ní etí òsì. Obìnrin àgbà kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó ń hun súwẹ́tà, ariwo náà ò sì tu irun kan lára rẹ̀. Ó rí i bí Ognyan ṣe ń lejú, ó pe Kalina.

"Sọ fún bàbá ẹ kó fọkàn balẹ̀, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni. Ọjọ́ tó kù, ariwo ọmọdé nìkan là ń gbọ́ níbí."

"Wọ́n ní ariwo náà ti mọ́ àwọn lára," ni Kalina túmọ̀.

"Ó mọ́ wọn lára! Kò lè mọ́ èmi lára láéláé." Ognyan yí padà. Wọ́n wá Momchil títí. Inú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n ti rí i, tó ń bá àwọn ọmọ méjì kan gbá bọ́ọ̀lù, ẹkún ni wọ́n fi wọ́ ọ kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ilé etí òkun, tí wọ́n sì kó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù, gìtá kan dún nísàlẹ̀. Ìlù tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan wá gbóhùn sókè, ó ń ké pé obìnrin òun ti já òun jù sílẹ̀, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù sì ń bá a gbọ̀n. Ognyan dìde jókòó lórí ibùsùn.

"Kalina, ṣé àwọn tó fẹ́ràn orin nìyí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Iyàrá Kalina gan-an ló wà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn. Ó di òwú sétí, ó gbé ìrọ̀rí lé e, síbẹ̀ ó mọ gbogbo ohun tí obìnrin yẹn fi ọkùnrin náà ṣe. Nígbà tí Danai wá kí i lọ́jọ́ kejì, ẹnu yà á.

"Orí ilé orin lẹ gbà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré? Èmi ò kì í sùn ládùúgbò yìí o. Ọ̀dọ̀ màmá àgbà mi ni mò ń sùn kí n lè rí ìwé kà. Orí òkè ni, ilé wọn kọjú sí ilé ìwé."

"Ṣé màmá àgbà ẹ máa ń hun súwẹ́tà?" ni Kalina bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọgbọ́n àgbọ́njù Kalina ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó bá a.

Momchil ní tirẹ̀ kò rí ọmọ kankan bá ṣeré ládùúgbò náà. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni Stamatis, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé orin. Stamatis á yá a ní àga ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn olórin bá ń dánra wò, wọ́n á jọ máa jẹ ẹ̀pà. Tó bá di alẹ́, Momchil á lajú sílẹ̀, kò ní sùn. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á jí i tì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun fẹ́ padà sí Plovdiv. Bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́jọ́ kan, Rumyana gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ognyan, mo ti rò ó. Ìwọ àti Kalina ẹ dúró níbi iṣẹ́ ẹ. Èmi á mú Momchil padà sílé. Ọmọ ò lè máa gbé báyìí."

Ognyan ò jiyàn, ìyẹn ló sì ba Kalina lẹ́rù jù. Òun ló fẹ́ rí òkun o, ilé àwọn ló sì fẹ́ pín sí méjì yìí.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni olùkọ́ Momchil ránṣẹ́ pè wọ́n. Olùkọ́ náà ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orin kan tó mọ̀. Momchil bọ́ síwájú, ó gbé ọwọ́ láyà, ó di ojú, ó sì fi èdè Gíríìkì tó já gaara kọrin pé kí wọ́n rọ ọtí kún ife òun, obìnrin yìí ti ba ayé òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì sùn lọ.

"Ó kọ ọ́ dáadáa, irọ́ ò sí níbẹ̀," ni olùkọ́ náà sọ fún Kalina. "Àmọ́ oorun tó ń sùn ní kíláàsì ti pọ̀ jù. Bi àwọn òbí ẹ pé, ṣé ẹni tó gbà wọ́n sílé ò sọ fún wọn pé ilé orin ló wà nísàlẹ̀ ni?"

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ognyan bèèrè.

Irọ́ tuntun ti dúró sí ẹnu Kalina. Ó kàn lè ní olùkọ́ ní ohùn ọmọ wọn dára. Ó wo Momchil tó gbé orí lé báàgì, tó ń sùn. Ó wo ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti wú. Ó túmọ̀ ìbéèrè náà bó ṣe rí.

"Sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún wa," ni Ognyan wí.

"Wọ́n sọ, Bàbá." Kalina kọjú sí bàbá rẹ̀. "Èmi ni wọ́n sọ fún. Èmi ni mi ò sọ ọ́. Èmi náà ni mo mú yín débẹ̀ lásìkò tí gbogbo ìlú ń sùn, èmi ni mo sì mú yín lọ sórí òkè lọ́jọ́ ọjà. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń ná an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bínú."

Rumyana ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Wá sọ ọ́ ní Gíríìkì fún olùkọ́, kí wọ́n má rò pé òmùgọ̀ ni wá."

Bí Kalina ṣe jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní èdè méjì nìyẹn, èkejì sì korò ju èkíní lọ, nítorí olùkọ́ náà fi ìwé bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Evanthia ò dá wọn dúró. Ó ní òun kúkú ti wí. Ilé orí òkè ṣì ṣófo. Ó jọ pé Ọjọ́bọ̀ ni àwọn yòókù náà lọ wò ó. Wọ́n kó lọ síbẹ̀ kí oṣù tó parí, Momchil ò sì tún dárúkọ Plovdiv mọ́.

Ognyan ò lu Kalina, kò sì gba fóònù rẹ̀. Kíláàsì èdè Gíríìkì ló lọ forúkọ sílẹ̀ sí. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ há sórí ni: "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" Láti ọjọ́ náà, bí Kalina bá ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tán, Ognyan á yíjú sí onítọ̀hún, á bi í pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" Ó bi dókítà. Ó bi aṣebúrẹ́dì tó kàn kí wọn pé ẹ káàárọ̀. Ojú máa ń ti Kalina débi pé ó fẹ́ wọlẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ìyá àgbà Danai gbé ohun tó ń hun sílẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá. "Kalina, sọ fún bàbá ẹ pé Gíríìkì tí wọ́n ń fi dánra wò lóhùn òkè láràárọ̀ yẹn dà bí ewúrẹ́ tó ń wúkọ́. Kí wọ́n rọra, àgbàlagbà ń sùn."

Kalina lè sọ pé màmá ń kí wọn. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà látòkèdélẹ̀, kò yọ ewúrẹ́ sílẹ̀, kò yọ ikọ́ sílẹ̀. Ó wá dúró, ó ń retí ìbéèrè tí kì í yẹ̀.

Ognyan rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó bẹ màmá náà, ó gba àpò tòmátò lọ́wọ́ Kalina, ó sì ń lọ sílé. Kò bèèrè nǹkan kan.

Kalina dúró sójú kan, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àmọ́ Kalina wá mọ̀ pé ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi ṣe ẹnu kò gbọdọ̀ bù nínú ọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ inú ara rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú kan péré ni irọ́ fi ń jáde lẹ́nu, ọ̀pọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló sì máa kọjá kí wọ́n tó tún gba èèyàn gbọ́.