Ẹ̀dọ̀fóró Bàbá Ọlábímtán

"Ṣé inú ènìyàn rèé, àbí igi àràbà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn?"

Bàbá Ọlábímtán tẹjú mọ́ fóònù tí Dókítà Ṣeun gbé síwájú rẹ̀. Ikọ́ gbé e, ó dúró díẹ̀, ó tún wò ó. Àdúràọlá, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, na ọrùn láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Àwòrán odidi ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí dókítà ti ń fi ìka fẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka, títí tó fi kan èyí tí kò nípọn tó irun orí.

"Ẹ̀ksíréè ni, bàbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n yà fún yín ní Kábà níbí. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lókè òkun, ó tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Agbára rẹ̀ le ju ohun tí ara alààyè lè gbà. Ẹ̀yà ara ẹni tó ti kú, tó sì ti gbà bẹ́ẹ̀ kó tó kú, ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Wọn kì í gé e wẹ́wẹ́."

Bàbá tún wo àwòrán náà. Irú ikọ́ yìí ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló pa àbúrò rẹ̀, kò sì sí dókítà tó mọ orúkọ rẹ̀.

"Ẹ gbé tèmi," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀dọ̀fóró ṣe nísàlẹ̀ ilẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ ohun tó ń pa wá."

"Ẹbí gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú, bàbá."

"Wọn yóò gbà. Àdúràọlá, ìwọ lo gbọ́ o."

Ní agbo ilé wọn, bí àgbà bá kú, ẹni tó bu omi fún un kẹ́yìn ni ìpàdé ẹbí máa ń kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó wí. Ohun tí onítọ̀hún bá sọ ni abẹ gé.

Ó yẹ kí Àdúràọlá sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Juliet, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló lọ sọ ọ́ fún.

"Yéè! Wọ́n fẹ́ ta ẹ̀yà ara bàbá àgbà wọn!" Juliet pariwo. "Ẹlẹ́dọ̀! Èló ni kíndìnrín?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, "Ẹlẹ́dọ̀" di orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá kú, àwọn àgbà ẹbí dé láti ìlú Iffe àti Ayewa. Ọmọ́níyì, bàbá Àdúràọlá, ló bi í.

"Ìwọ lo bu omi fún un. Kí ni bàbá mi wí?"

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú àwọn àgbà, ẹ̀rín kíláàsì ń dún létí rẹ̀.

"Kò wí nǹkan kan, bàbá."

Nígbà tí dókítà pè láti béèrè ẹ̀dọ̀fóró náà, Ọmọ́níyì gbaná jẹ. "Bàbá mi kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀!" Ó pa fóònù kí dókítà tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n sin Bàbá tòun ti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọmọ́níyì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní èéfín igbó jíjó ni. Nígbà tó yá, kò lè rìn dé oko rẹ̀ ní Ògìdì láìjókòó. Àdúràọlá tẹ̀ lé e lọ bá Dókítà Ṣeun.

"Òjìji nìkan ni ẹ̀ksíréè tiwa fi hàn mí," ni dókítà wí. "Mi ò lè búra pé à bá rí oògùn. Ṣùgbọ́n ká ní a rí inú ti bàbá yín ni, bóyá à bá ti mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá kò sọ fún wa."

Dókítà wo Àdúràọlá. Ọmọ náà wólẹ̀.

"Ó wí, bàbá! Ó ní kí wọ́n gbé e. Ẹ̀rù ẹlẹ́yà ló bà mí."

Ó ń retí ìgbátí. Ọmọ́níyì kò tilẹ̀ yíjú sí i. Dókítà ló ń wò.

"Ṣé a ṣì lè hú òkú rẹ̀ jáde?"

"Rárá, sà. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè rí nínú ohun tó ti jẹrà."

"Ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ gbé nìyẹn."

Ikọ́ tún gbé e. Àdúràọlá di èjìká rẹ̀ mú, ara bàbá rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i.

Adákẹ́ má fọhùn, a kò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ yín kò ní kí ẹ má sọ òótọ́ tí wọ́n fi sí yín lẹ́nu. Bí àkókò rẹ̀ bá kọjá, ẹkún kò lè dá a padà.