Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀rọ Dá Padà

Ẹ má pe èyí ní àròsọ. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń gbé Nukafu, ní Lomé. Dáramọ́lá ni, kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe.

Òun àti Innocent, ọmọ Atakpamé, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1992, oníbàárà ò wá mọ́. Iyàn ni wọ́n ń jà lórí CP/M àti DOS, ètò méjì tó ń darí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ CP/M ni DOS," Innocent ní. "A> ni àwọn méjèèjì ń kọ sójú ẹ̀rọ tí wọ́n bá ń dúró de àṣẹ. DIR ni àwọn méjèèjì fi ń to fáìlì. Àfi tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ̀. DOS á ní àṣẹ yẹn ò dáa. CP/M á kàn dá ọ̀rọ̀ yín padà pẹ̀lú àmì ìbéèrè."

"Wọ́n jọra ni. Wọn ò bára tan."

"Wọ́n bára tan, Ẹ̀gbọ́n."

Inú bí Dáramọ́lá. "Ìwọ tó ò mọ bàbá tó bí ọ, ìwọ lò ń wá bàbá fún ẹ̀rọ?"

Innocent kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó wọkọ̀ Atakpamé lọ. Ojoojúmọ́ ni Dáramọ́lá ń gbèrò àtikọ̀wé bẹ̀ ẹ́. Kò kọ ọ́.

Ní January 1993, ìbọn dún nílùú. Dáramọ́lá àti ìyàwó rẹ̀ sá lọ sí Cotonou.

Ní March, òun nìkan padà wá wo ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán gangan ni. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Kò sí iná. Ó gbọ́ ohun kan tó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́, bí ìgbà tí dísíkẹ́ẹ̀tì ń yí nínú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà kan ló tàn lórí tábìlì. DOS ló wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Ó fọwọ́ tọ wáyà iná rẹ̀ dé ìdí. Orí wáyà náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A>

Kò mọ ìgbà tó jókòó. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: MABINU.

MABINU?

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tún dá a padà, bíi CP/M. Lẹ́yìn náà, ojú ẹ̀rọ ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, Viviane, ẹ̀gbọ́n Innocent, kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Àbúrò mi ńkọ́?"

"Ṣebí Atakpamé ló wà?"

"Ó ti kúrò. Ó ní ẹ ti bẹ òun, òun ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ yín."

Dáramọ́lá wo kọ̀ǹpútà tó tẹ ẹ̀bẹ̀ sí lánàá. "Ọjọ́ wo ló kúrò nílé?"

"Ọjọ́ tí ìbọn dún ní Lomé. A ò tíì gbúròó rẹ̀ láti ìgbà yẹn."

Dáramọ́lá gbé àga fún un.