Àtẹ́lẹwọ́ Kẹfà Lára Ògiri Ààrò

Ọjọ́ keje rèé tí wọn kò dá iná, síbẹ̀ ògiri ẹ̀yìn ààrò gbóná sí ọwọ́ Karimat bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń ṣe nínú agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà. Igi ni wọ́n fi ń sè é lórí ààrò yẹn, iná kò sì jó ilé wọn rí, bó tilẹ̀ jó òrùlé tọ̀tún tòsì. Obìnrin tó bá jogún ààrò ni yóò tún ògiri rẹ̀ rẹ́, tí yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ amọ̀ kó tó gbẹ. Ó ti di márùn-ún. Èyí tó wà lókè pátápátá kò ní ju ìka mẹ́rin lọ. Ọwọ́ Sìdí ni, ìyá tó kọ́kọ́ mọ ààrò náà, tí omi eérú ọṣẹ ti jẹ ìka ọmọńdinrín rẹ̀. Ti ìyá Karimat ló kẹ́yìn. Ọdún kẹta rèé tí Karimat ti jogún, kò tíì rẹ́ ẹ.

Ishaq, àbúrò rẹ̀, kò ní sùúrù mọ́. Yìgì ọmọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ògiri dúdú yìí la ó fi han àwọn àna?" Ó gbé pátákó rọ́bà tó ń dán yinrin, tó fẹ́ fi bo ògiri náà, kalẹ̀. "Ẹ wò ó. Ẹ lè fi ṣe jígí."

"Ojú mi kò sọnù, Ishaq. Ilé tó jó ni n kò fẹ́ rí."

Ọládèjì, káfíńtà tí Ishaq mú wá láti Òkè Padre, rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kò sí wàhálà. Ogún ilé ni mo ti lẹ̀ ẹ́ sí."

"Nínú ogún náà, mélòó ló ń fi igi dá iná?"

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Ìyá arúgbó kan dúró níbẹ̀, ó fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan lóde, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ gbẹ.

Karimat kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ ń bèèrè?"

"Ààrò ni. Dá iná sí i. Gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ fi bo ògiri, ẹ kó o sún mọ́ ọn, ká wò ó."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Pátákó rọ́bà ká kò bí ewé, Ishaq sì fi apá bo imú. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Ọládèjì mú wá làágùn, ó sì ń rú èéfín. Táìlì tó lẹ̀ mọ́ pákó kan kò jó, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ yọ́, ó já bọ́, ó fọ́. Karimat wá gbé ìṣù amọ̀ pupa tí òun fúnra rẹ̀ fi eérú àti yanrìn pò, tó ti sá gbẹ, sún mọ́ iná náà. Ó gbóná, kò ṣe nǹkan mìíràn.

"Ẹ kó rọ́bà lọ sí pálọ̀," ni ìyá náà wí. "Iná kì í jókòó níbẹ̀."

Ọládèjì alára rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n máa wẹ̀yìn, ẹnu ọ̀nà ti ṣófo. Atẹ́gùn ti fẹ́ òjò wọlé, ó rin gbogbo ilẹ̀ níbẹ̀, àfi ojú ẹsẹ̀ méjì tó gbẹ.

Karimat po amọ̀ tuntun, ó sì ń rẹ́ ògiri títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Bó ṣe ń rẹ́ amọ̀ yí ọwọ́ àwọn ìyá rẹ̀ ká lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Níkẹyìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀, ó fi tẹ amọ̀ tútù náà.

Ọwọ́ kan tẹ tirẹ̀ padà láti inú ògiri.

Ó gbóná, ó sì le bí ọwọ́ ẹni tó ti ro ọṣẹ títí ayé. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin: Karimat ka ìka náà. Ó dúró de ìkarùn-ún. Kò wá.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló rọra wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Ishaq bèèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Karimat gbé orí sókè bí ìyàwó tí wọ́n ń kì. Kò tíì yọ ọwọ́.

"Ẹni tó ni iná," ló dá a lóhùn.